Ìṣètò ogun tí a kò tú: bí ogun abẹ́lé 1967 ṣe wà nídìí àríyànjiyàn àtúntò tó ń lọ lónìí

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà láti Báárékè Ọwẹ́nà, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì máa ń pé jọ ní Àkúrẹ́ láti fi òdòdó ẹ̀yẹ lélẹ̀ fún àwọn tó kú sójú ogun. Wọn a fun fèrè, wọn a dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọn a yìnbọn sókè, wọn a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló fi ọjọ́ yìí lé wa lọ́wọ́. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni tiwọn, ìyẹn ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Nàìjíríà ló yí i sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, nítorí pé ọjọ́ náà ní 1970 ni àwọn aṣojú Biafra, ìyẹn Ìlà Oòrùn tó fẹ́ yapa kúrò lára Nàìjíríà, wá túúbá ní Dodan Barracks l'Ékòó. Ọjọ́ kan náà, ní ọdún mẹ́rin géérégé ṣáájú ìgbà yẹn, ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ṣọ́jà kan dìtẹ̀ sí ìjọba, tí wọ́n sì pa Bírígédíà Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, òun àti ìyàwó rẹ̀, nínú ilé wọn ní Kàdúná.

Ohun tó mú mi kọ àlàyé yìí ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gba ẹnu àwọn ará ìpínlẹ̀ wa jù lọ báyìí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba: ta ló yẹ kó máa pàṣẹ fún ọlọ́pàá, ta ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, àti ìdí tí ìjọba Oǹdó fi gbọ́dọ̀ máa wo ojú Abuja loṣooṣù kí òṣìṣẹ́ tó gbowó. Wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n pè é ní àtúntò. Àwọn tó ń jiyàn kì í sábà rántí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ní kí a tún tò yìí kì í ṣe ohun tí àwọn tó gba òmìnira fi lélẹ̀ ní 1960. Ìjọba ológun ló gbé e kalẹ̀ láàrin 1966 sí 1979. Ogun abẹ́lé ló fún wọn ní ìdí láti ṣe é, owó epo rọ̀bì tó tẹ̀lé ogun náà ló sì fún wọn ní agbára láti mú un dúró. Ogun parí, ṣùgbọ́n ìṣètò ogun kò parí, inú rẹ̀ la sì ń gbé di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nàìjíríà kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ẹkùn mẹ́ta, tó di mẹ́rin ní 1963 nígbà tí wọ́n yọ Àárín Ìwọ̀ Oòrùn jáde, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní olórí ìjọba tirẹ̀, ilé aṣòfin tirẹ̀ àti ìwé òfin tirẹ̀. Lóòótọ́, òfin amúnisìn ti fi ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ àṣẹ ìjọba, àmọ́ ìwé òfin 1960 àti ti 1963 sọ ọ́ ní kedere pé ìdajì owó tó bá ti ibẹ̀ wá gbọ́dọ̀ padà sí ẹkùn tí wọ́n ti wà á. Owó kòkó ni Ìwọ̀ Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun ni wọ́n fi gbé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965. Àwọn àgbẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olúji àti Àkúrẹ́ wà lára àwọn tó gbin igi tó so owó náà. Èmi kò sọ pé ìgbà yẹn dára tán. Ìbò oṣù kẹwàá 1965 ni ìrẹ́jẹ rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn máa da epo sí ilé àti sára ara wọn kí wọ́n tó ṣáná sí i, tí wọ́n ń pè é ní wẹ́tì-ẹ, iná yẹn sì wà lára ohun tí àwọn ṣọ́jà fi ṣe àwáwí nígbà tí wọ́n jáde ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ìdìtẹ̀ oṣù kìíní 1966 pa olórí ìjọba àpapọ̀, Abubakar Tafawa Balewa, ó pa Ahmadu Bello ní Àríwá, ó sì pa Samuel Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó gba ìjọba ṣe òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó ní kí ẹkùn parẹ́, kí gbogbo orílẹ̀-èdè di abẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ni àwọn ṣọ́jà Àríwá gbẹ̀san. Wọ́n mú Ironsi nílé ìjọba n'Ìbàdàn, níbi tó ti jẹ́ àlejò Ọ̀gágun Adékúnlé Fájúyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì pa àlejò pa olùgbàlejò. Ọmọ Adó-Èkìtì ni Fájúyì, Èkìtì sì wà lára ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Ondo Province nígbà yẹn. Láàrin oṣù mẹ́fà ààbọ̀, agbègbè kan ṣoṣo yìí pàdánù méjì nínú àwọn ọ̀gá ṣọ́jà rẹ̀ tó ga jù lọ, ẹnì kan lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dìtẹ̀, ẹnì kejì lọ́wọ́ àwọn tó wá gbẹ̀san. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ogun náà jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò àti Haúsá, orúkọ Adémúlẹ́gùn àti ti Fájúyì ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

Ìpakúpa tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní Àríwá ní 1966 lé ẹgbàágbèje ènìyàn padà sí Ìlà Oòrùn. Ìpàdé Aburi ní Ghana ní oṣù kìíní 1967 fẹ́rẹ̀ẹ́ mú àlàáfíà wá, nítorí pé wọ́n gbà níbẹ̀ pé kí agbára púpọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ẹkùn, ṣùgbọ́n ohun tí Gowon, tó gba ìjọba lẹ́yìn Ironsi, bá kúrò níbẹ̀ àti ohun tí Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà Oòrùn, bá kúrò níbẹ̀ kò bára mu. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, Gowon kéde lórí rédíò pé òun ti pín ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ojukwu kéde Biafra. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kí ni ipò Yorùbá? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ní gbangba pé bí wọ́n bá jẹ́ kí Ìlà Oòrùn lọ, Ìwọ̀ Oòrùn àti Èkó náà kò ní dúró. Kí oṣù kẹfà tó parí, ó ti di kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó nínú ìjọba Gowon. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó yí i lọ́kàn padà títí di òní. Ohun tó dá mi lójú ni pé títí di oṣù kẹjọ, ojú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín fi ń wo ogun náà, àfìgbà tó dé Òrè.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá afárá Odò Ọya, wọ́n gba Benin láìsí wàhálà púpọ̀, wọ́n sì kọjú sí Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ Yorùbá ni olórí wọn, Victor Bánjọ. Òrè, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó lónìí, ni oríta tí ọ̀nà ti pín: ẹni tó bá gbà á lè kọjú sí Èkó, ó lè gòkè lọ sí Oǹdó àti Àkúrẹ́, ó sì lè gba ibẹ̀ yí lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró tí wọ́n sì lé wọn padà, títí tí wọ́n fi gba Benin padà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án. Ojukwu fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Bánjọ, ó sì pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn pa á. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wa nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni gbólóhùn kan tó wọnú èdè, tí àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń lò bí nǹkan bá le ju bó ṣe yẹ lọ: ó le kú, ìjà Òrè. Tọ́ọ̀tọ́ọ̀ ọmọ ilé ìwé ń pa á lẹ́nu bí ìdánwò bá le. Bóyá ni ọ̀kan nínú mẹ́wàá wọn mọ̀ pé ìjà ni wọ́n jà níbẹ̀ ní tòótọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí ojú ọ̀nà tí mọ́tò wọn ń gbà kọjá lọ sí Èkó.

Lójú tèmi, Òrè ló parí iyèméjì Ìwọ̀ Oòrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà ní rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Nàìjíríà tí kò ní ju nǹkan bí 10,000 ènìyàn lọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ti di nǹkan bí 250,000 nígbà tó fi máa parí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ológun fi ṣèjọba lé wa lórí fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 29 tó tẹ̀lé ogun yẹn, kí ó ronú lórí iye yẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò ní ènìyàn tó ń gbowó oṣù tó tó bẹ́ẹ̀, tó sì gbé ìbọn lọ́wọ́.

Ogun kì í jẹ ẹ̀kọ lásán, owó ló ń jẹ. Mo jókòó ti bàbá àgbẹ̀ kan ní ìgbèríko Ìdànrè nígbà tó ń tú kòkó tó ti wà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òógùn kòkó náà ń kan bí ọtí, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ń ṣa èyí tó dúdú kúrò lára èyí tó pọ́n. Mo bi í léèrè ohun tó rántí nípa ogun. Kò sọ ti ìbọn rárá. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ 1968 ni, òun ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, bàbá òun kó pọ́n-ùn tó ti ń tọ́jú láti ìgbà ìkórè méjì jáde nínú agolo tó rì mọ́lẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn, ó ní kí òun àti ẹ̀gbọ́n òun gbé e lọ sí báńkì ní Oǹdó, nítorí pé ìjọba ti ní owó náà yóò di pépà lásán. Òru ni wọ́n dé ibẹ̀. Èrò ti kún bí ọjọ́ ọjà. Orí ìlà ni wọ́n sùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so agolo náà mọ́ inú pẹ̀lú ìborùn ìyá wọn.

Ohun tí bàbá yìí rí ni pípààrọ̀ owó oṣù kìíní 1968. Ìjọba àpapọ̀, tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe kọmíṣọ́nnà ìnáwó rẹ̀, yí àwọ̀ owó padà ní kíákíá kí pọ́n-ùn tó wà lọ́wọ́ Biafra má bàa ṣe é fi ra ohun ìjà lókè òkun. Ọgbọ́n ogun ni, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìgbèríko, tí báńkì jìnnà sí, jẹ nínú ìyà rẹ̀ tirẹ̀. Owó orí tún ga sókè ní Ìwọ̀ Oòrùn ní àkókò yẹn kan náà, nígbà tí iye tí ìjọba ń ra kòkó kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Ibẹ̀ ni Àgbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ lórí owó orí, ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin 1968 sí 1969. Òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn máa san, wọn ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Agbègbè Ìbàdàn ni iná náà ti jó jù. Táfà Adéòye, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi ní oṣù kẹsàn-án 1969 láti tú àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀. Gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà, Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, kò rí i yanjú títí Awólọ́wọ̀ fi lọ bá Táfà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ìwé ìtàn sábà máa ń ya Àgbẹ́kọ̀yà sọ́tọ̀ sí ogun abẹ́lé. Kò yẹ kí wọ́n yà á. Àwọn tó lọ sójú ogun ní Ìlà Oòrùn àti àwọn tó ń san owó rẹ̀ lóko Ìwọ̀ Oòrùn, ogun kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Níbi tí ogun ti yí ọrọ̀ ajé padà jù lọ ni ti epo rọ̀bì. Ní 1966, nǹkan bí 400,000 àgbá ni Nàìjíríà ń wà lójúmọ́. Ogun mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí 140,000 ní 1968, nítorí pé orí kànga epo gan-an ni wọ́n ti ń jà. Ìdí tí ìjọba àpapọ̀ fi tètè gba Bonny, èbúté tí wọ́n ti ń kó epo jáde, ní oṣù keje 1967 nìyẹn, kí wọ́n tó gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968. Ní oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ó ti hàn pé Biafra kò lè borí, ìjọba Gowon ṣe òfin epo rọ̀bì tó sọ pé gbogbo epo tó wà nínú ilẹ̀ àti lábẹ́ omi Nàìjíríà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ pátápátá. Ogun ṣì ń lọ nígbà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Kò sí ilé aṣòfin tó jiyàn lórí rẹ̀, kò sì sí ará ìlú tí wọ́n bi léèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìpín tó ń padà sí ibi tí ọrọ̀ ti jáde bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìdajì tó wà nínú ìwé òfin di ìdá 45 nínú 100 ní 1970, ó di ìdá 20 ní 1975, nígbà tó sì fi di àwọn ọdún 1980, ìdá kan ààbọ̀ péré ló kù. Ó di ìdá 3 ní 1992. Ìwé òfin 1999 ló gbé e dé ìdá 13, ibẹ̀ ló sì wà báyìí. Ní ìgbà kan náà tí ìpín yẹn ń wálẹ̀, epo ń gòkè: 1970 ni iye àgbá tí a ń wà lójúmọ́ kọjá mílíọ̀nù kan, ó ti kọjá mílíọ̀nù méjì nígbà tó fi di 1974, nígbà tí ogun Árábù àti Ísírẹ́lì ti sọ iye owó àgbá kan di ìlọ́po mẹ́ta lé sí i láàrin oṣù díẹ̀. Epo tí kò tó ìdá 3 nínú 100 ohun tí a ń tà sókè òkun ní 1960 wá di ohun tó lé ní ìdá 90 ní 1974. Owó tó ń ti oko kọ̀ọ̀kan wá, tó ń gba ọwọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan kọjá, di owó tó ń ti ẹnu ihò kan ṣoṣo jáde bọ́ sí àpò kan ṣoṣo.

Kòkó kò kú, ṣùgbọ́n ó di ọmọ ìyá tí bàbá gbàgbé. Nàìjíríà tó wà ní ipò kejì lágbàáyé nínú kòkó ní àwọn ọdún 1960, tó ń kó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún, bọ́ sí nǹkan bí ìdajì ìyẹn láàrin ogún ọdún. Náírà tó rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù kìíní 1973 lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rọ̀ wá lọ́rùn láti máa ra ìrẹsì òkèèrè, ìnira rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹni tó ní irè oko láti tà. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ ní 1975, mú kí ọmọ àgbẹ̀ rí i pé iṣẹ́ akọ̀wé dára ju oko lọ. Bàbá tí mo bá ní Ìdànrè ní àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ dàgbà ní abúlé wọn ló lọ sí Èkó ní ọdún kan yẹn, kò sì sí èyí tó padà wá gba oko bàbá rẹ̀. Nígbà tí kòkó wọ́n gógó lágbàáyé ní 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, igi arúgbó ló pọ̀ jù nínú oko wa láti kó lára ọrọ̀ yẹn.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere ní ìpínlẹ̀ wa bíi ní Àgbábù, lọ́nà Òrè níbẹ̀ kan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni àwọn òyìnbó ti gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n rí ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì. Ó ṣì ń ru jáde nínú ihò àtijọ́ náà, dúdú, tó ki bí àmàlà tí kò tíì rọ̀, oòrùn a sì máa mú un ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nàìjíríà ń fi dọ́là ra ọ̀dà láti òkè òkun. Nítorí pé ohun àlùmọ́ọ́nì wà nínú ìwé àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan láṣẹ lé lórí, ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́ kò lè ta á, kò sì lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti wà á. Àwọn ìjọba kan tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń ṣèlérí. Ọ̀dà náà ṣì wà níbẹ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìṣètò yìí. Ìpínlẹ̀ 12 tí Gowon dá sílẹ̀ ní 1967 jẹ́ ọgbọ́n ogun lákọ̀ọ́kọ́: ó gba àwọn ẹ̀yà kéékèèké Ìlà Oòrùn, tí epo wà ní ilẹ̀ wọn, kúrò lọ́wọ́ Biafra kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi òpin sí Àríwá tó tóbi ju gbogbo ẹkùn yòókù pọ̀ lọ. Yàtọ̀ sí apá kan tó bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìwọ̀ Oòrùn dúró bó ṣe wà títí di ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, nígbà tí Murtala Muhammed pín orílẹ̀-èdè sí 19, tó sì yọ Oǹdó jáde pẹ̀lú Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú. Ayọ̀ ńlá ni. Ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ kó tó di olú-ìlú mọ ohun tí Alágbàká jẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba síbẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣọ̀fọ̀ pé wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Àmọ́ ìpínlẹ̀ tó kéré kò lè bá ìjọba àpapọ̀ du nǹkan bí ẹkùn ṣe lè bá a du ú. Ìpínlẹ̀ di 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996 nígbà tí Èkìtì kúrò lára wa, bí wọ́n sì ṣe ń pọ̀ sí i ni gómìnà tó ń lọ gba ìpín l'Abuja ń pọ̀ sí i. Ní àkókò yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ gba Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975, ó gba ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ó sì fi òfin ilẹ̀ 1978 gba àṣẹ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí àti ìdílé, ó fi lé gómìnà lọ́wọ́.

Ti ọlọ́pàá ló ń dun àwọn ènìyàn jù báyìí. Kí ológun tó dé, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn àgbà ṣì ń pè wọ́n ní akódà. Àwọn olóṣèlú lò wọ́n láti fìyà jẹ alátakò, èyí kò ṣe é fi pa mọ́, ó sì rọrùn fún ìjọba ológun láti tú wọn ká lẹ́yìn 1966. Láti ìgbà yẹn, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà, ìwé òfin 1999 sì kà á léèwọ̀ kí òmíràn wà. Gómìnà tí wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ kò lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tó wà ní ìlú rẹ̀ bí ọ̀gá àgbà l'Abuja kò bá gbà. Nígbà tí ìjínigbé àti pípa àgbẹ̀ sínú oko gbilẹ̀, àwọn gómìnà Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbé ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ n'Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, Rótìmí Akérédolú tó jẹ́ gómìnà Oǹdó sì wà lára àwọn tó dúró gbọn-in nígbà tí amòfin àgbà orílẹ̀-èdè ní kò bá òfin mu. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022 ni àwọn apànìyàn ya wọ ilé ìjọsìn St Francis ní Ọ̀wọ̀, ìlú Akérédolú gan-an, ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ará Oǹdó tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé fún.

Ogun náà tún yí bí a ṣe ń pe ara wa padà. Ìjọba Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ní 1973 ó dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ Oǹdó lè lọ sin ìlú ní Enugu, kí ọmọ Enugu sì wá kọ́ni ní Òkìtìpupa. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí ogun bí. Ìgbéyàwó tó ti ibẹ̀ wá pọ̀ ní ìlú yìí. Ìwé òfin 1979 wá fi lélẹ̀ pé gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ipa nínú ìjọba àpapọ̀. Ìbẹ̀rù pé kí ẹ̀yà kan má tún gba gbogbo nǹkan ló bí i, ṣùgbọ́n ó sọ ìbéèrè náà, ìpínlẹ̀ wo lo ti wá, di ìbéèrè tí ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, tó ka ìwé ní Àkúrẹ́, tó ń sọ èdè Àkúrẹ́ ju ọmọ Ọba lọ, kò lè dáhùn pé Oǹdó, bí bàbá rẹ̀ bá wá láti Nnewi.

A kò sì lè sọ ìtàn yìí tán kí a fo ti àwọn Ìgbò. Ìdènà oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe pa àwọn ọmọdé ju ìbọn lọ. Ìṣirò iye tó kú lápapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì mílíọ̀nù dé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní Asaba, ní oṣù kẹwàá 1967, àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ tó lé Biafra kúrò ní ọ̀nà Òrè àti Benin pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tó jáde wá kí wọn káàbọ̀. Nígbà tí ogun parí, ẹni tó ní owó ní báńkì ní Biafra, iye yòówù kó jẹ́, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n san fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin jáde pé kí àwọn ọmọ ìlú ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó, nígbà tí àwọn tó gba 20 pọ́n-ùn kò tíì rí owó fi tún ilé kọ́. Kọmíṣọ́nnà ìnáwó ìgbà ogun jẹ́ ọmọ wa tí a fẹ́ràn, àwọn ohun rere tó ṣe fún Ìwọ̀ Oòrùn kò sì ní ìwọ̀n. Síbẹ̀, ó yẹ kí Yorùbá lè gbọ́ ohun tí Ìgbò ń sọ nípa 20 pọ́n-ùn láìjẹ́ pé a fi ìbínú dá wọn lóhùn. Àìgbọ́ yìí ni ìbò 2023 tún gbé jáde, ní Èkó pàápàá, tí àwọn tí wọn kò tíì bí ní 1970 ń bú ara wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára pẹ̀lú orúkọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn nílé ìwé, nítorí pé a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n ti ń tú okùn ìṣètò ogun náà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin tó fún ìpínlẹ̀ láṣẹ lórí iná mànàmáná ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ àti lórí ojú irin. Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àjọ tó ń ṣàmójútó iná gbé àṣẹ náà lé lọ́wọ́ ní 2024. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2024, a padà sí orin orílẹ̀-èdè tí a ń kọ ní 1960, èyí tí ìjọba ológun pa tì ní 1978. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025 yí bí wọ́n ṣe ń pín owó orí ọjà padà, lẹ́yìn ìjà ńlá láàrin àwọn gómìnà Àríwá àti ti Gúúsù, ìjà náà sì jọ èyí tí wọ́n jà lórí pínpín owó ṣáájú 1966.

Ohun tó ṣòro jù ló kù, ìyẹn ọlọ́pàá àti ohun inú ilẹ̀. Méjèèjì wà nínú ìwé òfin, títú wọn sì ní ìlànà: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn náà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tún gbà á. Nígbà tí Gowon pín Nàìjíríà sí 12 ní 1967, alẹ́ ọjọ́ kan péré ló gbà á, òun nìkan ló sọ̀rọ̀, rédíò ni àwọn ará Àkúrẹ́ ti gbọ́. Bí àbá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ bá la Abuja já, yóò wá dé iwájú àwọn aṣòfin 26 tó wà ní Alágbàká, orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan nínú wọn la sì mọ̀.